Nígbà Tí Òde Bá Tú: Iṣẹ́ Eléré àti Ìdààmú Ọkàn ní Ìbàdàn

Aago méjì òru Sátidé mọ́jú ọjọ́ Àìkú ni. Òde ti tú ní gbọ̀ngán kan nítòsí Ring Road. Wọ́n ti ń to àga léra wọn, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí sì ti gba ọ̀nà Challenge àti Mọ́lété lọ sílé. Àwọn tó ṣeré ló kù. Onígángan ti fi aṣọ bo ìlù rẹ̀, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ń ká wáyà, àwọn méjì ń gbé sípíkà sẹ́yìn ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ọ̀gá, ẹnì kan ń ka owó tí wọ́n ṣà nílẹ̀. Ohun tó bá ti inú àpò yẹn jáde ní ìdájí yìí ni àwọn ọmọ báńdì yóò fi jẹun títí òde mìíràn yóò fi dé. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ iye tó máa jẹ́.

Mo fẹ́ kí a dúró síbẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà tí Ilerioluwa Aloba, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mohbad, ti kú ní Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 27 péré, ni ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ àwọn olórin ti wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọkùnrin náà ti ké gbàjarè ní gbangba ṣáájú ikú rẹ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ òun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dé orí eléré tó wà nítòsí wa, tí kò ní òkìkí, àlàyé tí a máa ń ṣe kì í ju mẹ́ta lọ: ayé ló ń dà á láàmú, igbó ló ń mu, tàbí kó jẹ́ pé ìwà rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ibi tí a ti ń wá okùnfà kọ́ ló wà. Inú bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni kí á wò: bí owó ṣe ń wọlé, aago tí wọ́n fi ń ṣe é, àti ẹni tó ń ru ẹrù nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Bí owó ṣe ń wọlé

Olóde àti ọ̀gá báńdì ló máa ń ṣe àdéhùn. Wọ́n á san díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní ìyókù di ọjọ́ òde. Àsansílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń háyà sípíkà bí báńdì kò bá ní tirẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ra epo, òun ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀. Kí ọjọ́ òde tó pé, ó ti tán. Ìyókù ló wá ń di ẹjọ́. Olóde tó ti ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí màlúù, gbọ̀ngán àti ọtí lè sọ ní òru pé kí ọ̀gá pe òun lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, fóònù kò lọ. Kò sí ìwé láàárín wọn. Ta ló sì fẹ́ gbé olóde lọ sí kóòtù, kí gbogbo ìlú máa pe báńdì rẹ̀ ní oníwàhálà?

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ báńdì fi gbójú lé owó tí àwọn ènìyàn bá ná fún wọn lójú agbo ju owó àdéhùn lọ. Owó níná yìí ló mú kí iṣẹ́ eléré yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Káfíńtà kì í wo ojú oníbàárà kó tó kan ìṣó. Eléré gbọ́dọ̀ wo ojú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀, kó sì mọ ẹni tí inú máa bí bí a bá ki ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Onígángan á tẹ̀ lé olówó láti tábìlì dé tábìlì, á tẹrí ba, á rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù Adéọ̀yọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ìjẹta ló sin ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ìdùnnú ni ọjà tó ń tà. Wákàtí mẹ́jọ tí ènìyàn fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ́ra, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ń tán ènìyàn lókun ju ìlù tó gbé kọ́ èjìká lọ. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kì í kà á sí làálàá.

Owó níná náà sì ti wà lábẹ́ òjìji òfin. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ná náírà sí ènìyàn lára lóde, láti jó lórí rẹ̀ tàbí láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin yìí fi wà tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí, títí àjọ EFCC fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán Bobrisky lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olóde kan ti ń ṣọ́ra. Ẹlòmíràn á fi owó sínú àpò ìwé, á nà án sí ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n mú nọ́ńbà àkáǹtì wá, á fi ránṣẹ́ láti orí fóònù.

N kò bá òfin jà. Náírà kì í ṣe pépà ìnulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyípadà yìí ṣe fún ọmọ báńdì. Owó tó bọ́ sílẹ̀ lójú agbo, gbogbo ènìyàn ló rí i. Ẹni tó ń lu omele lè fojú wọ̀n ọ́n, ó lè mọ̀ pé òde òní dára, kí ó sì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Owó tó wọ àkáǹtì ọ̀gá kò ní ẹlẹ́rìí. Ìfura tó ti wà tẹ́lẹ̀ wá ń gbèrú, ọ̀pọ̀ ìjà tó ń tú báńdì ká kò sì ju ìfura yìí lọ.

Mi ò ní dá ọ̀gá nìkan lẹ́bi o. Òun náà ń ru ẹrù tí ilé iṣẹ́ ńlá máa ń pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ìyàwó ọmọ báńdì bá bímọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń sáré lọ. Bí lánlọ́ọ̀dù bá ti ilẹ̀kùn pa, ọ̀gá ni. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójú agbo, ojú ọ̀gá ló ti. Ó tún gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó dára ju ti olóde lọ, kó wá nínú ọkọ̀ tó jọjú, nítorí bí ó bá fi ọkọ̀ èrò wá, owó tí wọ́n máa dá lé e lọ́jọ́ mìíràn á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi gbèsè gbé ọlá ró, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n lè sọ fún.

Ohun tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́

Láyé àtijọ́, ìdílé Àyàn ní ibi tí wọ́n fara tì. Onílù ọba tàbí onílù ìjòyè mọ ilé tí òun ti ń jẹun. Nígbà tí eré kúrò láàfin lọ sí òde ìyàwó, ìsìnkú àgbà àti ilé ọtí, ẹni kan ṣoṣo tó ń bọ́ onílù di ọgọ́rùn-ún àjòjì tí kò sí èyí tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Ibẹ̀ ni orúkọ burúkú yẹn ti rí ẹsẹ̀ gúnlẹ̀: alágbe. Títí dòní, bàbá kan lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò bí alágbe, nígbà tó sì jẹ́ pé kò lè sin bàbá tirẹ̀ láìpe eléré.

Ìbàdàn kò yẹ kó jẹ́ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Ìlú yìí ló ni Tátalọ̀ Àlàmú, ìlú yìí ló ni Dáúdà Èpò Àkàrà tó fi orin àwúrèbe gbé orúkọ rẹ̀ ga. Níbí ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, tí àwọn eléré sì rí ojú tuntun tí wọ́n lè ṣeré fún. Àwọn àgbà olórin náà kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1969, I. K. Dairo àti Haruna Ishola dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Star Records sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ olórin lè máa wọ àpò olórin. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Sunny Ade àti ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde fa ọ̀rọ̀ àdéhùn dé kóòtù, òun náà sì lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti ń jà lórí ohun kan náà.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí a dárúkọ yìí jẹ́ ọ̀gá. Ìtàn kì í sọ ohun tó dé bá ẹni tó ń lu àkúbà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn ọdún àìpẹ́ yìí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti sinmi. Kòrónà ti gbogbo òde pa ní 2020. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó náírà wọ́n lójú, àwọn tó rí owó gbà ní báńkì kò ní èyí tí wọ́n máa ná fún eléré. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti kọjá ₦1,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Epo jẹnẹrétọ̀ àti epo ọkọ̀ ni iṣẹ́ eléré fi ń rìn. Àwọn olóde tó máa ń pe báńdì odidi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe díjéè kan pẹ̀lú onígángan méjì. Oṣù Rámádánì náà tún wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Inú orin ajísààrì ni fújì ti jáde, orin tí a fi ń jí ènìyàn láti jẹ sààrì, síbẹ̀ oṣù ààwẹ̀ yìí gan-an ni òde máa ń dá jù fún onífújì.

Ara tí kò sùn

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nìkan. Alẹ́ Jímọ̀ọ̀, ó wà ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Bódìjà tàbí Akóbọ̀ títí di ìdájí. Ọ̀sán Sátidé, ó ti wà lóde, wọn kò sì ní tú títí òru. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ń dúró dè é, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé iṣẹ́ Olúwa ni, èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run. Kí ó lè là á já, ó ti mu kọfí, ó ti jẹ obì, ó ti fi ọtí pọ̀ mọ́ ohun mímu tó ń lé oorun lọ. Bí ó bá wá délé, tí ó fẹ́ sùn, oorun kò wá mọ́. Ibẹ̀ ni páraga, tírámádọ̀lù àti oògùn ikọ́ olómi ti ń wọlé. Ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní kódíìnì nínú ní 2018, ṣùgbọ́n àìsùn tó ń lé eléré sídìí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá wí pé oògùn ló bà á jẹ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ni ó ń wá nídìí oògùn náà.

Etí náà ń jìyà. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ń lò ni pé ariwo tó bá wọn dẹ̀síbẹ̀lì 85, ènìyàn lè fara dà á fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bí ó bá fi dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́ta ròkè, kí a gé àkókò náà sí méjì. Tó bá fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2022 pé kí ariwo ibi ìgbafẹ́ má ṣe ju 100 yìí lọ. Ẹ wo ọmọkùnrin tó dúró síwájú sípíkà láti ìrọ̀lẹ́ di òru, láìfi nǹkan kan dí etí. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìdákẹ́, pàápàá nígbà tí ibi gbogbo bá pa rọ́rọ́. Ariwo yẹn ń gba oorun lójú ẹni, ó ń mú kí inú tètè máa bíni. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé á rò pé ìwà rẹ̀ ló yí padà.

Ohun tí ọkàn ń sọ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Westminster bi àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ orin léèrè ní 2016 nípa ọkàn wọn. Àwọn 2,211 ló dáhùn. Ìdá 71.1 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn ti ní ìpayà tàbí àníyàn tó lágbára rí, ìdá 68.5 sì ní àwọn ti rí ìsoríkọ́. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe dókítà ló yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló tètè dáhùn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni èsì tí wọ́n fún ìdí rẹ̀: owó tí kò dúró sójú kan, àkókò iṣẹ́ tó ń ya wọ́n nípa sí ẹbí, àti bí iṣẹ́ náà kò ṣe jọ iṣẹ́ lójú àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ní orin ń tu àwọn lára. Fífi orin jẹun ló ń pa àwọn lára. Bí a bá ka ìyẹn fún onígángan kan ní Ọjà Ọba, kò ní nílò ògbufọ̀.

Tiwa tún ní ohun mìíràn nínú. Bí ohùn olórin Ìbàdàn bá há, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ènìyàn, tí kò dáhùn fóònù, tí ẹ̀rù ń bà á kó tó gun orí pèpéle, wọ́n á ní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jà. Ó lè jẹ́ pé ó ti kọrin fún òru mẹ́ta láìsinmi, kí ọ̀nà ọ̀fun sì ti wú. Ó lè jẹ́ ìsoríkọ́, èyí tó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọ̀tá bá ti ní orúkọ, kì í wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni láti lọ rí dókítà etí àti ọ̀fun ní ọsibítù UCH, tàbí ti ọpọlọ. Ẹni tó bá sì lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ nípa rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ ti dàrú, olóde kan kò sì ní pè é mọ́.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi àlùfáà tàbí ààfáà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Àró l'Ábẹ́òkúta ní 1954, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ẹbí ní abúlé tó wà nítòsí ọsibítù. Ìbàdàn ló wá lẹ́yìn náà, títí ó fi di ọ̀gá àgbà yunifásítì níbí. Ọ̀nà méjèèjì lè jọ rìn.

Àwọn obìnrin eléré ní tiwọn lọ́tọ̀. Olórin obìnrin tó bá ń ti òde bọ̀ ní aago mẹ́ta òru ń bẹ̀rù ọ̀nà, ó sì tún ń bẹ̀rù ẹnu àdúgbò. Ọ̀gá lè fẹ́ kó san ju orin lọ kó tó dúró nínú báńdì. Olówó tó ná owó fún un lójú agbo lè rò pé ó ti ra nǹkan. Bí ó bá lóyún, iṣẹ́ ti dúró, ẹlòmíràn á sì ti gba ipò rẹ̀ kó tó padà. Kò sí ibi tí yóò fi ẹjọ́ sùn tí wọn kò ní kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń wá lóde lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí

Àwọn òfin kan ti yí padà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an pe aláìsàn ní wèrè. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà ló fọwọ́ sí òfin Copyright tuntun, tó mọ ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin àti ẹni tó ṣeré nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ MCSN ló ń bá àwọn olórin gba owó lílo orin wọn lọ́wọ́ rédíò, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbafẹ́. Ìbàdàn kún fún rédíò tó ń lu orin wa láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Síbẹ̀, olórin tí kò lórúkọ ló máa ń wá owó tí yóò fi bẹ ẹni tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́. Onílù tó ṣiṣẹ́ nínú àwo náà kì í sábà sí nínú ìwé rárá, nítorí owó ìjókòó ọjọ́ kan ni wọ́n fún un ní sítúdíò.

Ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, wà fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tí kò ní ọ̀gá iṣẹ́ náà ti wà láti 2019. Ọmọ báńdì lè wọ méjèèjì. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ iye tí òun máa gbà ní ìdájí ọjọ́ Àìkú ṣe fẹ́ dá iye tí yóò máa san lóṣooṣù? Àjọ tí wọ́n ń dá láàárín ara wọn gan-an, òde méjì tí kò wáyé ti tó láti tú u.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn eléré ní Ìbàdàn jókòó lé lórí ni owó ìjáde: iye kan pàtó tí ọmọ báńdì kọ̀ọ̀kan mọ̀ kó tó wọ ọkọ̀, tí wọ́n kọ sínú ìwé pélébé kan, tí yóò gbà yálà wọ́n náwó lójú agbo tàbí wọn kò ná. Ohun tó bá lé ni kí wọ́n wá pín. Bí olóde bá di ìyókù owó mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́, kí ìyẹn wà láàárín àwọn méjèèjì. Kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ti gbé ìlù kọ́ èjìká láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.